Wọ́n ti lé ọ̀gá kóòṣì ọkọ mi, iṣẹ́ méjì sì wà nílẹ̀: èwo ni kí a mú?

Ìyàwó Kóòṣì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.

Ọkọ mi ni kóòṣì offensive line ní yunifásítì kan níbí ní Amẹ́ríkà. Fún ẹni tí kò bá mọ bọ́ọ̀lù wọn yìí, àwọn géńdé márùn-ún tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ni mò ń sọ. Àwọn ni wọ́n ń dí ọ̀nà kí ọwọ́ ẹgbẹ́ kejì má baà tẹ̀ ẹ́, àwọn náà ló ń la ọ̀nà fún ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù sáré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ju kílò 130 lọ. A kì í gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu àwọn tó ń sọ eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n, àfi bí rẹfirí bá fi ẹ̀sùn kàn wọ́n. Ọkọ mi ló ń kọ́ wọn.

Òun náà ṣe guard, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún yẹn, nígbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Graduate assistant ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kóòṣì: ilé-ẹ̀kọ́ ń san owó Masters rẹ̀, wọ́n sì ń fún un ní owó díẹ̀ tí kò tó owó ilé. Ìgbà yẹn la fẹ́ra. Látìgbà náà, ibi tí iṣẹ́ bá gbé e lọ ni mò ń bá a lọ. Ibi tí a wà báyìí la ti pẹ́ jù. Ọmọ wa àgbà bẹ̀rẹ̀ girama níbí, èmi náà rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ní òpin Oṣù Kọkànlá, wọ́n lé ọ̀gá kóòṣì. Bí ọ̀gá bá sì ti lọ, àwọn tó kó wá ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ nìyẹn. Ọ̀gá tuntun ti ní kóòṣì offensive line tirẹ̀ tó ń mú bọ̀. Kò sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn ọkọ mi. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ fẹ́ràn rẹ̀, ìyá ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ pè mí, ó ń bi mí bóyá kí ọmọ òun náà wá ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn lọ.

Iṣẹ́ méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti yunifásítì ńlá kan ní Texas. Coordinator (igbákejì ọ̀gá kóòṣì tó ń ṣètò eré) tí òun àti ọkọ mi jọ ṣiṣẹ́ rí wà níbẹ̀, wọ́n ní kó wá ṣe analyst, ẹni tó ń wo fíìmù eré fún àwọn kóòṣì. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Èkejì jẹ́ ti yunifásítì kékeré kan ní Illinois, ní FCS, ìpele tó tẹ̀ lé ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńlá. Níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ́ kóòṣì offensive line, òun náà ni yóò máa ṣètò bí wọ́n ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù sáré. Owó rẹ̀ sàn ju ti Texas lọ díẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin wà ní kíláàsì kọkànlá. Ó ní òun kò kúrò níbi tí òun wà. Ìyá ọkọ mi pè láti Ìbàdàn, wọ́n ní kí ọmọ àwọn fi eré bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kó lọ wá iṣẹ́ tí àwọn lè sọ fún èèyàn. Ọkọ mi ò sọ púpọ̀. Bí àwọn ọmọ bá ti sùn, ó ń jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Eré kan tí kò ju bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà lọ, á yí i padà sẹ́yìn, á tún yí i padà, ẹsẹ̀ guard ọ̀tún nìkan ló ń wò: ṣé ẹsẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ dáadáa kí ọwọ́ tó kan àyà ẹni tó fẹ́ dí, àbí ọwọ́ ló ṣáájú. Àwọn ọmọ ọ̀hún kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ o, síbẹ̀ ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Èwo ni kí a mú? Ṣé kí gbogbo wa sì kó lọ ní Oṣù Kínní?

Ìyá Ìbejì, Houston

Àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má tíì kó ẹrù kankan. Kí ọkọ ṣáájú lọ, kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ dúró títí ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi parí ní ìparí Oṣù Karùn-ún. Ọmọ kíláàsì kọkànlá kì í ṣe ọmọ tí wọ́n ń fà tu láàárín ọdún.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà

Màmá ọkọ rẹ kò ṣìnà o. Géńdé ọkùnrin tó ní Masters! Iṣẹ́ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹni nítorí pé ẹlòmíràn pàdánù eré, ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Kó lọ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, kó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ síbi kan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Maryland

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò gbà. Mo gbá center, ẹni àárín nínú àwọn márùn-ún náà, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn ọmọ girama ni mò ń kọ́ báyìí. Nínú gbogbo kóòṣì tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ń gbà, kóòṣì offensive line ló ṣòro jù láti rí. Márùn-ún gbọ́dọ̀ gbéra bí ẹnì kan ṣoṣo. Tí ẹnì kan bá gbé ẹsẹ̀ sí apá òsì nígbà tí mẹ́rin gbé e sí ọ̀tún, eré ti bàjẹ́ nìyẹn, quarterback ti wà nílẹ̀. Ẹni tó lè kọ́ èèyàn márùn-ún bẹ́ẹ̀ kì í wáṣẹ́ pẹ́.

Àmì-ẹ̀yẹ kan wà, Joe Moore Award. Láti 2015 ni wọ́n ti ń fún offensive line tó dára jù lọ́dún. Gbogbo line pátá ló ń gbà á, kì í ṣe ẹnì kan. Ní 2024, Army ló gbà á, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun. Kò sí ẹni tó máa ń sọ pé Army ní géńdé tó tóbi bí ti Alabama tàbí Michigan. Ẹ̀kọ́ ni. Joe Moore tí wọ́n fi sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kóòṣì girama ni ní Pennsylvania kó tó dé Pittsburgh, kó tó wá dé Notre Dame.

Ìdí tí mo fi dárúkọ rẹ̀ nìyí. Kirk Ferentz gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ Moore ní girama, ó tún ṣe graduate assistant lábẹ́ rẹ̀ ní Pittsburgh ní 1980. Lẹ́yìn náà ló di kóòṣì offensive line Iowa láti 1981 títí di 1989. Ibo ló lọ lẹ́yìn ìyẹn? Maine! Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré, ìpele tí wọ́n ń pè ní FCS lónìí. Ọ̀gá kóòṣì ló lọ ṣe níbẹ̀, ó borí nínú eré 12, ó pàdánù 21. Àwọn èèyàn ìbá ti sọ pé ó ti parí fún un. Ó lọ kọ́ offensive line ní NFL, líìgì àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́, ó sì padà sí Iowa bí ọ̀gá kóòṣì ní 1999. Ibẹ̀ ló wà látìgbà náà.

Illinois ni kí ọkọ yín lọ. Níbẹ̀, line jẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá dára, gbogbo èèyàn yóò mọ ẹni tó kọ́ wọn.

Ará Atlanta

Ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú dùn, ṣùgbọ́n 1990 kọ́ la wà. Ẹ wo Mike Locksley. Ní 2016, analyst ni lábẹ́ Nick Saban ní Alabama. Ní 2018 ó ti di coordinator wọn, ó sì gba Broyles Award ọdún yẹn, èyí tí wọ́n ń fún igbákejì kóòṣì tó peregedé jù. Ní 2019 ó di ọ̀gá ní Maryland. Iṣẹ́ analyst ló gbé e dìde.

Nǹkan mìíràn: kí ó tó di 2024, analyst kò gbọdọ̀ kọ́ agbábọ́ọ̀lù ní nǹkan kan lórí pápá. Yàrá ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n ń wo fíìmù. Ní Oṣù Kẹfà 2024 ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, yí òfin yẹn padà. Analyst lè kọ́ wọn nísinsìnyí, nígbà ìdánrawò àti nígbà eré.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Maryland

Ẹ̀gbọ́n Atlanta, ẹ sọ ọ́ tán. Locksley ti ṣe ọ̀gá kóòṣì ní New Mexico kó tó dé Alabama. Ó ti lórúkọ tẹ́lẹ̀, ó kàn lọ tún un ṣe ni. Ọkọ wọn ò tíì ní irú orúkọ yẹn, yóò kàn jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ analyst ni. Òfin 2024 kò sì fún analyst láyè láti máa kiri ilé àwọn ọmọ girama lọ bá àwọn òbí wọn sọ̀rọ̀. Iye kóòṣì tó lè jáde lọ ṣe recruiting, ìyẹn wíwá agbábọ́ọ̀lù kiri, ṣì ní òté. Kóòṣì tí kò bá ń ṣe recruiting, ta ni yóò mọ̀ ọ́n?

Ìyàwó Kóòṣì

Ẹ ṣeun gan-an. Recruiting yẹn gan-an ló ń dùn ún jù, kí n má parọ́. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́dún kan, ó lọ sílé ọmọ Yorùbá kan tó ń ṣe tackle, ẹni ìpẹ̀kun nínú line. Bí bàbá ọmọ náà ṣe jáde sí pálọ̀, ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti kóòtù tí ilé-ẹ̀kọ́ fún un. Bàbá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá wo nǹkan. Àwọn kóòṣì ilé-ẹ̀kọ́ ńláńlá ti wá síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ọmọ náà kọ gbogbo wọn.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ̀ẹ̀ẹ̀n! Àwọn ọmọ wa pọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn nísinsìnyí. Olumuyiwa Fashanu tó ṣe left tackle ní Penn State, New York Jets, ẹgbẹ́ NFL kan, mú un ní 2024, òun ni ẹni kọkànlá tí wọ́n yàn nínú gbogbo àwọn tó ń wọ NFL lọ́dún yẹn. Àwọn ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kóòṣì tó mọ ilé tí ọmọ ti jáde wá. Wọn ò gbọdọ̀ fi ẹni tó mọ èyí há sínú yàrá fíìmù.

Alágbàwí

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ọ̀rọ̀ owó, torí kò tíì sí ẹni tó bi í. Ìwé àdéhùn ọkọ yín ńkọ́? Ṣé ó ti parí, àbí ó ku oṣù mélòó? Bí ó bá ṣẹ́kù, ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ṣì jẹ ẹ́ lówó. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan máa ń wà nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, offset ni wọ́n ń pè é. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé owó iṣẹ́ tuntun ni wọn yóò yọ kúrò nínú gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́. Nítorí ìyẹn ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńlá fi ń rí àwọn kóòṣì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé gbà sí ipò analyst lówó pọ́ọ́kú: wọ́n mọ̀ pé ẹlòmíràn ló ń san èyí tó kù. Àwọn àdéhùn kan sì wà tí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kóòṣì kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ kà á dáadáa kí ó tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Kí agbẹjọ́rò tó mọ òfin iṣẹ́ kà á pẹ̀lú yín.

Bí ìdílé bá wà lórí ìbánigbófò ìlera ti ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kúrò, COBRA, òfin tó ń jẹ́ kí èèyàn tọ́jú ìbánigbófò iṣẹ́ tó fi sílẹ̀, lè mú un dúró títí dé oṣù 18, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ó máa san gbogbo rẹ̀, ó sì wọ́n. Bí ti ilé ìwòsàn yín bá wà, ẹ tètè gbé gbogbo ilé sórí rẹ̀. Kíkúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ ń ṣí àyè yẹn sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ péré.

Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì

Sister, ìwé àṣẹ rẹ ńkọ́? Ṣé multistate ni? Texas wà nínú compact, àdéhùn àwọn ìpínlẹ̀ tó ń gba ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì ara wọn, Illinois kò sí nínú rẹ̀. Tí ẹ bá kó lọ sí Texas, o lè fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ 60 tí o bá fi ibẹ̀ ṣe ilé, o gbọ́dọ̀ ti béèrè fún tiwọn. Fún Illinois, ìwé àṣẹ tiwọn lo gbọ́dọ̀ rí gbà kí o tó fọwọ́ kan aláìsàn kankan. Bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lónìí, má dúró de ìpinnu. Owó fọ́ọ̀mù ò tó owó oṣù kan tí o máa fi jókòó sílé.

Ìyàwó Kóòṣì

Multistate ni, ẹ̀gbọ́n. Mi ò ronú dé Illinois rárá. Ẹ ṣé o.

Alágbàwí, àdéhùn rẹ̀ ṣì wà títí di ọgbọ̀njọ́ Oṣù Kẹfà. Offset wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó.

Alágbàwí

Ó dára. Nígbà náà, ìyàtọ̀ owó tó wà láàárín Texas àti Illinois kò kàn yín títí di Oṣù Kẹfà, torí ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni yóò máa dí èyí tó kù. Ohun tó kàn yín ni owó tí yóò máa wọlé láti Oṣù Keje lọ. Ọdún mélòó ni Illinois fún un nínú ìwé? Ọ̀gá kóòṣì tibẹ̀ ńkọ́, ọdún mélòó ló kù fún òun fúnra rẹ̀? Bó bá jẹ́ ọdún kan ló kù fún un, ohun tó lé yín níbí lè tún bá yín níbẹ̀.

Ará Atlanta

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí gbogbo ìyàwó kóòṣì máa kọ́kọ́ béèrè. Mo gbà á.

Àti pé ní Oṣù Kínní, AFCA, ẹgbẹ́ àwọn kóòṣì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ń ṣe ìpàdé ọdọọdún wọn. Kí ó má pàdánù rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo kóòṣì ti ń pàdé, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n sì ń sọ ní ìdúró ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ kẹta lè jáde níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yí ohùn mi padà díẹ̀. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ náà ní àdéhùn tó lágbára báyìí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́, ọmọ mi, ọmọbìnrin yẹn. Bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe kí o kàn sọ ibi tí ẹ ń lọ fún un.

Ìyàwó Kóòṣì

Ẹ̀gbọ́n, mo bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná, bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní tí òun bá parí kíláàsì kọkànlá níbí, òun á lọ. Ó tún béèrè bóyá yunifásítì tí bàbá òun bá ń ṣiṣẹ́ máa dín owó ilé-ìwé kù fún ọmọ òṣìṣẹ́. A ò ronú kan ìyẹn rí. Bàbá rẹ̀ ti kọ̀wé sí Illinois láti bi wọ́n, ó sì bi wọ́n ní ọdún tó kù fún ọ̀gá kóòṣì wọn. Ọdún mẹ́ta, wọ́n ní.

Ó ṣì ń ro Texas. Ó ní ẹni tó pe òun yẹn kò fi òun sílẹ̀ rí. Èmi ò fẹ́ fi ipá mú un, àmọ́ mo ti sọ fún un pé Illinois ni ọkàn mi wà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn méjèèjì fẹ́ ìdáhùn. Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì, mo ti bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù náà, wọ́n ń béèrè fún ìtẹ̀ka. Ṣé ibí ni mo ti lè tẹ̀ ẹ́, àbí mo gbọ́dọ̀ dé Illinois?

Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì

Wá sí inbox mi, màá ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ ní ẹsẹẹsẹ.