Lórí orúkọ tó yẹ lẹ́ǹsì kámẹ́rà tí kò ní awọ lójú

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Àkúrẹ́. Ẹni wa tó ń ya fọ́tò ní Oǹdó béèrè ohun tí a ó máa pe lẹ́ǹsì àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ṣe kí àwọn ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan tín-ínrín bo ojú gíláàsì rẹ̀. Orúkọ mẹ́ta ló ti jáde: lẹ́ǹsì aláìkùn, lẹ́ǹsì tí kò ní ìbòjú, àti lẹ́ǹsì aláìláwọ. Ẹ̀kẹta ni mo fara mọ́, àmọ́ ó ku ohun kan tí a ní láti fi kún un.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí nǹkan tín-ínrín náà ń ṣe. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń ti inú afẹ́fẹ́ wọ gíláàsì, tàbí tó ń ti inú gíláàsì bọ́ síta, nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 rẹ̀ kì í kọjá. Ńṣe ló ń ta padà. Lẹ́ǹsì Tessar tí Paul Rudolph ṣe fún Zeiss, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe lẹ́ǹsì ní Jámánì, ní 1902 ní gíláàsì mẹ́rin, méjì nínú wọn lẹ̀ mọ́ra, nítorí náà ojú mẹ́fà ló kan afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á rí i pé ohun tó lé ní ìdá 20 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ni kò gba ọ̀nà tó yẹ dé orí fíìmù. Èyí tó ṣòfò kò fi bẹ́ẹ̀ dunni. Èyí tó ń ta síwá ta sẹ́yìn láàárín àwọn gíláàsì ló ń dunni, nítorí òun ló máa ń padà wá bà sórí àwòrán, tí gbogbo ibi tó yẹ kó dúdú á wá di àwọ̀ eérú. Ohun tí Alexander Smakula gba ìwé àṣẹ olùhùmọ̀ lé lórí fún Zeiss ní 1935 ni bí a ṣe lè fi nǹkan tín-ínrín náà dín ìtàpadà yẹn kù.

Ìdí nìyí tí ìbòjú kò fi lè ṣiṣẹ́ níbí. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú ìyàwó, ṣíṣí ni yóò ní kí wọ́n ṣí ìbòjú rẹ̀. Èyí tó wà lójú lẹ́ǹsì sì rèé, bí wọ́n bá ha á kúrò, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á dínkù ni. Kíkùn náà kò tọ̀nà. Ọ̀dà, osùn àti ẹfun là ń kùn, ohun tí a bá sì kùn a máa bo àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nǹkan ti lẹ́ǹsì yìí kò bo ohunkóhun mọ́lẹ̀, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sì fi kùn ún: inú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde ni wọ́n ti ń sọ ọ́ di oru tí yóò bà lé gíláàsì. (Ká má tilẹ̀ sọ pé ẹlòmíràn lè ka aláìkùn sí ẹni tí kì í ráhùn.)

Awọ ló bá a mu, irú awọ fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ èèpo ẹyin. Ṣùgbọ́n a mọ bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń tẹ Yorùbá lórí fóònù láìfi àmì sí i: aláìláwọ á di aláìláwọ̀ kíá. Ẹnìkan ti dáhùn pé èyí gan-an dára, nítorí pé bí a bá gbé lẹ́ǹsì sábẹ́ iná, èyí tó ní awọ a máa tàn padà ní àwọ̀ búlúù tàbí èsè àlùkò, funfun lásán sì ni ti èyí tí kò ní. Òótọ́ ni, ọgbọ́n tó dára láti dá wọn mọ̀ ni. Síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí orúkọ, yóò ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Wọn á rò pé fọ́tò dúdú-òun-funfun nìkan ló lè yà. Nítorí náà, mo dábàá lẹ́ǹsì aláìní awọ ojú. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà "ojú" kò jẹ́ kí ó fara jọ ọ̀rọ̀ àwọ̀ mọ́.

Àwọn kan ní kí a kúkú pè é ní lẹ́ǹsì tó gbó. Mi ò gbà, nítorí pé ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ti gbó, wọ́n sì ní awọ. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà burú o. Dennis Taylor, ẹni tó ń ṣe lẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàkíyèsí ní àwọn ọdún 1890 pé lẹ́ǹsì tí ojú rẹ̀ ti ṣá nítorí ọjọ́ orí ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá ju tuntun lọ, èyí tó jẹ́ pé bí iṣu ṣe ń gbó ló gbó, kì í ṣe bí aṣọ.

Ó ku ti ìmọ́lẹ̀ tó ń ba àwòrán jẹ́. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí a pe àwọn àmì róbótó tó ń tò tẹ̀lé oòrùn nínú fọ́tò ní iwin kìkì torí pé àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n jẹ́, kí a pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń fẹ́ káàkiri tó sì ń mú kí gbogbo àwòrán ràn bàìbàì, ìmọ́lẹ̀ aṣáko ni kó máa jẹ́. Ní ti ohun tí a ń fi sẹ́nu lẹ́ǹsì kí oòrùn má baà wọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́, ṣebí iṣẹ́ àtíbàbà ló ń ṣe.

Gbólóhùn àpẹẹrẹ tí mo fi sílẹ̀ kí ẹ bá mi tún un ṣe rèé: "Bí o bá gbé lẹ́ǹsì aláìní awọ ojú lọ sí òkè Ìdànrè nígbà ọyẹ́, tí ojú ọ̀run funfun báláú, kẹ́yìn sí oòrùn, kí o sì fi àtíbàbà sẹ́nu rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìmọ́lẹ̀ aṣáko á sọ àpáta dúdú di eérú."