Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: Alhaji ní kí n dí ògiri gíláàsì tí mo yà fún un

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mò ń ya àwòrán ilé fún Alhaji kan níbí ní Ọ̀yọ́, ẹni tó ń kó iṣẹ́ ọnà jọ. Ilé ìgbàlódé ló ní òun fẹ́. Mo ya ògiri gíláàsì láti ilẹ̀ dé òkè sí pálọ̀, kí ará títì lè máa rí iṣẹ́ ọnà náà lálẹ́. Ó ní kí n dí i. Mo tún un yà, ó tún ní kí n dí i. Ìyàwó rẹ̀ kékeré ń dá sí i, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà ń pè mí lóru. Mo kàwé lórí iṣẹ́ yìí o! Ṣé kí n gbé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un ni?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, ní sùúrù. Olówó ló nilé. Ẹni tó ya tèmi ní Owódé, ilé ìyàgbẹ́ ló kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Inú ṣì ń bí mi.

Ọmọ Akẹ̀sán: Irú iṣẹ́ ọnà wo? Ibo ni gíláàsì kọjú sí? Ẹ ò sọ ìyẹn, ti ìyàwó kékeré lẹ ń sọ.

Olùbéèrè: Ère igi ló pọ̀ jù, àti igbá fínfín, àti aṣọ òkè àtijọ́ aláró. Ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí, ibẹ̀ ni títì wà. AC máa wà níbẹ̀ ṣá.

Ọmọ Akẹ̀sán: Háà! Oòrùn ìrọ̀lẹ́ lórí aṣọ aláró? Lux 50 (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) ni àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé máa ń fi mọ sórí aṣọ; oòrùn gangan lè tó 100,000. Aró tó bá ṣí kì í padà. Tí wọ́n bá mú iná lọ, AC ńkọ́? Igi á fa ọ̀rinrin, á wú. Ọyẹ́ á dé, á súnkì, á sì là.

Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà: Òótọ́ ni. Ère kan tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọyẹ́ là á láti orí dé ìdí, owó ẹyọ wọ inú rẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún ikán.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́: Ilé ìgbàlódé tí kò ní gíláàsì, ṣé ẹ̀wọ̀n ni?

Ọmọ Akẹ̀sán: Ta ló ní kó má lò ó? Àgbàlá ni kó ṣí i sí. Nínú agbo-ilé wa, àárín ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé.

Olùbéèrè: Mo ti fi owó Alhaji ra gíláàsì náà n'Íbàdàn, wọ́n ti gé e. Mi ò tíì sọ fún un. Kí owó rẹ̀ má baà tún gòkè ni mo ṣe rà á.

Ìyá Ìbejì: Yéè! Ìyẹn ló yẹ kí o kọ́kọ́ sọ. Pè é lónìí.

Ọmọ Akẹ̀sán: Ibo lẹ bá iṣẹ́ dé?

Olùbéèrè: A ò tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀, okùn nìkan la ta. Ṣé wọ́n lè tún gíláàsì náà gé?

Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà: Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi iná mú le, rárá. Yóò fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ọmọ Akẹ̀sán: Ẹ wá tún okùn ta, kí àgbàlá bá gíláàsì mu. Kó kọjú sí àríwá, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fẹ̀ dáadáa níwájú rẹ̀, torí láàárín oṣù karùn-ún sí ìkeje, apá àríwá ni oòrùn ń gbà. Ẹ dí ti ìwọ̀-oòrùn. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ pe Alhaji.