Kí n tọ́jú kòkó ni, àbí kí n tà á?

Ará Ìdànrè: Ẹ kú ọjà o. Owó àjẹṣẹ́kù ni mo yá fi ra kòkó pamọ́. Ṣé kí n dúró kí owó ẹ̀ gbéra?

Ìyá Oníkòkó: Ọmọ mi, àjẹṣẹ́kù lọ́jọ́ tí wọ́n á gbowó wọn, ọjà ò dájọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní Disẹ́ńbà 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá 12,000 dọ́là ní New York. Kí 2025 tó parí, ó ti já sí bí ìdajì. Ọ̀pọ̀ ṣì ń dúró nígbà yẹn!

Akápò: Òótọ́ ni Màámi sọ. Pé kòkó lè bu, ẹ lè dènà ìyẹn: ẹ sá a kó gbẹ. Òjò Gánà àti Côte d'Ivoire, níbi tí kòkó ti pọ̀ jù láyé, tó ń gbé owó kòkó sókè-sódò ńkọ́? Ẹ ò lè dènà ìyẹn. Ẹ ta èyí tó tó san gbèsè, kẹ́ ẹ fi ìyókù dúró.

Ará Ìdànrè: Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà. Ìyàwó mi ní kí n ta gbogbo ẹ̀ ni o.