Òfin wo ni ó yẹ kí ó máa ṣàkóso omi tí àwọn ibùdó dátà ńlá ń lò?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ kọ́ ibùdó dátà ńlá, ìyẹn ilé tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń ṣiṣẹ́ fún íńtánẹ́ẹ̀tì, sí ìlú kan, ta ni ó ń pinnu iye omi tí yóò máa fà, kí ni ó sì lè dá a dúró bí ọ̀dá bá dé? Ó ń kọ mí lóminú pé a máa ń gbọ́ iye owó tí wọ́n fi kọ́ ọ, ṣùgbọ́n a kì í sábà gbọ́ iye omi.

Èsì kìíní
Àdéhùn pẹ̀lú ìjọba ìlú ni ó sábà máa ń pinnu rẹ̀, ó sì lè jẹ́ àṣírí. Ní The Dalles, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ìjọba ìlú pe ìwé ìròyìn kan lẹ́jọ́ ní ọdún 2021 kí iye omi tí Google ń lò má baà jáde. Nígbà tí ó jáde ní ọdún 2022, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin omi gbogbo ìlú náà lọ. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí òfin ti bẹ̀rẹ̀: kí ohun tí mítà bá kà di ohun tí gbogbo ará ìlú lè rí.

Èsì kejì
Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ìjábọ̀ kì í ṣe ààlà. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti pàṣẹ láti ọdún 2024 pé kí ibùdó tí iná ẹ̀rọ rẹ̀ bá tó 500 kílówáàtì máa jábọ̀ omi tó ń lò, síbẹ̀ kò sọ pé kó má fà jù. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ńṣe ni wọ́n ń jẹ́ kí omi di oru kí ó lè gbé ooru àwọn ẹ̀rọ lọ. Èyí tó di oru kò padà sínú páìpù mọ́, iyọ̀ sì máa ń pọ̀ nínú èyí tó kù débi pé wọ́n á dà á nù, wọ́n á sì fa òmíràn. Ìgbà tí oòrùn bá mú jù ni wọ́n ń fà jù, ìgbà yẹn gan-an sì ni omi ń wọ́n àwọn ará ìlú. Nítorí náà, iye oṣooṣù ni kí ìwé àṣẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe ti ọdún nìkan.

Èsì kẹta
Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra pẹ̀lú o, nítorí bí wọ́n bá fi afẹ́fẹ́ rọ́pò omi, iná tí wọ́n ń lò sábà máa ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ amúnáwá náà sì ń lo omi. Síbẹ̀, níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni èmi yóò yàn. Ní Santiago, ní orílẹ̀-èdè Chile, ilé ẹjọ́ àyíká ní kí wọ́n tún àṣẹ tí Google gbà yẹ̀ wò ní ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ náà sì kéde pé afẹ́fẹ́ ni àwọn yóò lò. Kí ilé tó dìde ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń pariwo.