Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: fọ́tò Mọ́mì tí mo fẹ́ fi orin sí fún ọjọ́ ìbí 80 ọdún wọn

ọmọ_aláró: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mọ́mì wa máa pé 80 lóṣù tó ń bọ̀, họ́ọ̀lù kan n'Íbàdàn la ti fẹ́ ṣe é, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì ní èmi ni kí n ṣe fídíò fọ́tò tó máa hàn lára ògiri pẹ̀lú orin, torí wọ́n ní èmi ni mo mọ fóònù tẹ̀ jù. Fọ́tò tó wà nílẹ̀ á tó 300, àwọn kan ṣì wà nínú àpótí látayé ìgbà tí kò tíì sí kọ́lọ̀. Tecno kan ni mo ní àti láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó tí RAM ẹ̀ ò ju 4GB lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, áàpù wo lẹ lò tí ò yọ yín lẹ́nu? Orin ńkọ́?

onífídíò_Mọ́níyà: CapCut ni jàre, orí fóònù yẹn náà. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan ẹ yí i sí 16:9, torí ìbú ni pirojẹ́kítọ̀ máa ń gbé nǹkan sí, tẹ́ ẹ bá ṣe é lóòró bíi ti TikTok àárín ògiri nìkan ni Mọ́mì máa wà, ọ̀tún àtòsì á ṣókùnkùn bí ilé tí NEPA mú iná ẹ̀ lọ. Wọ́n máa ń lẹ àmì CapCut mọ́ ìparí ẹ̀, ẹ pa á rẹ́. 1080p ni kẹ́ ẹ fi gbé e jáde, kó lè mọ́ kedere lára ògiri.

Ìyá_Ìbejì: 300 kẹ̀! Ẹ ṣèṣirò ẹ̀ wò ná. Tí fọ́tò kan bá lo ìṣẹ́jú àáyá 5, ìṣẹ́jú 25 nìyẹn, ta ló fẹ́ jókòó wò ó? Tẹ́ran bá ti dé orí tábìlì kò sẹ́ni tó ń wo ògiri mọ́. Nígbà tá a ṣe ti bàbá ọkọ mi, 48 péré la mú, ìṣẹ́jú 4, orin kan sì ti tó o. Nǹkan kan tí mo máa sọ fún yín tí ẹnikẹ́ni ò ní sọ: ẹ ka iye ìgbà tójú ọmọ kọ̀ọ̀kan yọ. Àbúrò ọkọ mi kan ò bá wa sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì torí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lojú ẹ̀ yọ, wọ́n sì tún gé e létí níbẹ̀.

tíṣà_àná: Ọmọ mi, má wulẹ̀ wá áàpù kiri. PowerPoint tó wà nínú láptọ́ọ̀pù ẹ tó. Lọ sí Insert, tẹ Photo Album, á kó gbogbo fọ́tò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Tó o bá fi orin sí ojú ewé àkọ́kọ́, yan Play Across Slides, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bó bá ti kan fọ́tò kejì orin á dákẹ́ lójijì. Tó o bá ṣe tán, Export, Create a Video, ó di MP4 nìyẹn. Movie Maker ni èmi ń lò tẹ́lẹ̀ kí Microsoft tó pa á tì ní 2017, ó ṣì ń dùn mí dòní.

onífídíò_Mọ́níyà: Tíṣà, òótọ́ lẹ sọ o, ṣùgbọ́n 4GB yẹn á pẹ́ lórí ẹ̀, kó yáa fi sílẹ̀ lóru mọ́jú, kó sì so ó mọ́ná.

Àdùkẹ́_Pẹ́ckham: Àwọn fọ́tò inú àpótí yẹn, ẹ má kàn fi fóònù yà wọ́n lábẹ́ gílóòbù o, iná á máa kọ mọ̀nà lójú wọn. PhotoScan ti Google ni kẹ́ ẹ lò, ọ̀fẹ́ ni, á ní kẹ́ ẹ gbé fóònù lọ sórí àmì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ibi tó ń kọ mọ̀nà yẹn á sì pòórá. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ yà á bẹ́ẹ̀, mo fa ti màmá mi àgbà ya, mi ò tíì jẹ́wọ́ nílé. Àwọn ẹbí tó bá máa fi tiwọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi Document, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò kéré ni, tó bá dé ara ògiri á wá rí bàìbàì.

Orin: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ kọ orin ìjọ tí Mọ́mì fẹ́ràn, kẹ́ ẹ fi fóònù gba ohùn wọn, kí ẹ̀gbọ́n wọn tó bá mọ oríkì ilé wá kì wọ́n díẹ̀ lábẹ́ àwọn fọ́tò ìgbà èwe. Orin olórin lẹ bá lò, bẹ́ ẹ bá gbé e sí Facebook wọ́n lè pa ohùn ẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

oníjẹnẹrétọ̀: Ẹ gbìyànjú ẹ̀ nínú họ́ọ̀lù yẹn gan-an kí ọjọ́ tó kò. Tiwa, àwòrán hàn kedere, ohùn ò jáde, a bẹ̀rẹ̀ sí í bú DJ, àṣé bá a ṣe fi wáyà HDMI so láptọ́ọ̀pù mọ́ pirojẹ́kítọ̀, inú pirojẹ́kítọ̀ lohùn gbà lọ. Èrò ti ń pàtẹ́wọ́ kí àbúrò mi tó lọ yí i padà nínú ètò ohùn. Ẹ fi í sórí fláàṣì méjì pẹ̀lú o, ẹ má gbọ́kàn lé íntánẹ́ẹ̀tì inú họ́ọ̀lù kankan.

ọmọ_aláró: Háà, ẹ ṣé gan-an, ire á kárí. Mo ti yan 60, CapCut ni mo máa lò, mo sì ti kà á, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní mẹ́rin. Orin ti Àdùkẹ́ sọ yẹn la máa ṣe lọ́jọ́ Àìkú. Wàhálà tó kù báyìí ni pé Mọ́mì ti gbọ́ sí i, wọ́n ní fọ́tò 1972 tí wọ́n dé wíìgì ńlá yẹn ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kì í sì í ṣe ìṣẹ́jú àáyá 5 o, ó gbọ́dọ̀ tó 10.