Ta ló ṣìnà nínú "ìràwọ̀ aṣìnà"?

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa fi "ìràwọ̀ aṣìnà" túmọ̀ orúkọ tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ ń pe pílánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní planētēs lè jẹ́ ẹni tó ṣáko lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n "ṣì" yẹn kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ. Àṣìṣe, àṣìwí, àṣìgbọ́, àṣìmú: ibo ni ṣì wà tí ẹ̀bi kò sí níbẹ̀?

Láyé ọba Ammisaduqa, àwọn ará Bábílónì ka ìgbà tí Àgùàlà (Venus) ń yọ àti ìgbà tó ń fara pamọ́ fún nǹkan bí ọdún 21, ó sì wà lára wàláà amọ̀ títí dòní. Ta ní í ka ọjọ́ ìpadàbọ̀ ẹni tó ṣìnà? Ptolemy, onímọ̀ ìràwọ̀ ní Alẹkisáńdríà, ní nǹkan bí ọdún 150 lẹ́yìn Kristi, gbé òbìrìkìtì kékeré lé orí òbìrìkìtì ńlá kí ó lè ṣírò ìgbà tí pílánẹ́ẹ̀tì Mars yóò dúró lójú wa, tí yóò fà sẹ́yìn, tí yóò tún máa lọ.

"Akiri" ni tèmi. Ìyá tó bí ìyá mi kiri ẹ̀kọ. Bó bá ti gba ìsàlẹ̀ ọjà lọ, gbogbo ilé ló mọ ìgbà tí yóò gba ẹ̀yìn ààfin wọlé. Kiri ni wọ́n ń pè é, ẹnikẹ́ni kò ní ó ṣìnà. Àwọn àgbà náà wí pé Àgùàlà ń bóṣù *rìn*, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Rìn ni wọ́n wí!

Ẹni tó ní ká kúkú pe pílánẹ́ẹ̀tì ní "ayé mìíràn" tún da ọ̀rọ̀ rú. Méje ni akiri Ptolemy: oòrùn, òṣùpá, Mercury, Venus, Mars, Jupiter, Saturn. Ayé kò sí níbẹ̀, àárín ló jókòó sí, kò mira. Aristarchus ará Samos ti gbé oòrùn sáàárín ṣáájú rẹ̀, àwọn tó gbà á kò tó nǹkan. Ọdún 1543 ni ìwé Copernicus, onímọ̀ ìràwọ̀ kan, tó sọ ayé di akiri jáde. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ Copernicus sẹ́nu Ptolemy.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ "òórùn" fún èyí tó ń ràn lójú ọ̀run. Ẹ jọ̀ọ́, oòrùn ni, kì í ṣe òórùn. Imú la fi ń gbọ́ òórùn. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ yín ṣe kọ ọ́. Tèmi lù mí lọ́wọ́ nítorí rẹ̀.