Re: "Ìfàyàwọ́ ẹ́ńsáìmù"? Ẹ jọ̀ọ́ o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ rí nǹkan bí? Ọ̀gá wa kan kọ ọ́ síbí lánàá pé bí ẹ́ńsáìmù (purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ nínú ara) ṣe ń rìn nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan, èyí tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ káàkiri ara, "ìfàyàwọ́ ẹ́ńsáìmù" ni ká máa pè é, torí Òyìnbó ń pè é ní trafficking, ó tún wá ní "awọ" wà nínú fàyàwọ́, bẹ́ẹ̀ ara awọ sẹ́ẹ̀lì ni ẹ́ńsáìmù yẹn máa ń lẹ̀ mọ́. Háà. Awọ kẹ̀? Fi àyà wọ́ ni o! Dò dò mí. Wọ́ tí à ń wọ́ igi nílẹ̀. Awọ, re re ni. Tíṣà tó kọ́ mi ní ìwé kẹta ì bá ti ní kí n kúnlẹ̀ kí n nawọ́ sókè.

Ká tiẹ̀ fi ohùn sílẹ̀, fàyàwọ́ ń sá fún kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ni eléyìí ń sá fún? Ẹ mú BACE1, ẹ́ńsáìmù kan tó ń gé purotéènì, tí wọ́n rí ní 1999. Inú àpò kékeré tí awọ bò ló ń wọ̀, kinesin, purotéènì tó ń rìn tó ń gbẹ́rù nínú sẹ́ẹ̀lì, á gbé e, ìṣísẹ̀ kan nánómítà 8 péré, lórí iṣan tó lè gùn tó mítà kan láti ọ̀pá ẹ̀yìn dé ẹsẹ̀. Tó bá débẹ̀ á gé purotéènì neuregulin 1 kí ọ̀rá lè wé iṣan ọmọ tó ń dàgbà. Èkúté tí ò ní BACE1, ọ̀rá iṣan ẹ̀ tín-ín-rín ni. Àmọ́ tó bá lọ pàdé purotéènì APP nínú endosome, àpò kan nínú sẹ́ẹ̀lì níbi tó kan díẹ̀, ibẹ̀ ni beta-amyloid, ègé purotéènì tó ń dì sọ́pọlọ ẹni tó ní àrùn ìgbàgbé Alzheimer, ti ń bẹ̀rẹ̀. Purotéènì GGA3 ló yẹ kó máa fa BACE1 lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ dànù. Wọ́n gbìyànjú oògùn verubecestat láti dè é mọ́lẹ̀, wọ́n ní láti dáwọ́ dúró, ìrántí àwọn kan tún burú sí i.

Àárù la ń pe irú iṣẹ́ yìí. Ìyá mi ta ata gbígbẹ ní Dùgbẹ̀. Lọ́jọ́ kan alábàárù gbé àpò tiwa, òṣùká lórí, ó lọ dà á sí ìsọ̀ ẹlẹ́lùbọ́, kí n tó sáré débẹ̀ ata ti pọ́n lórí èlùbọ́ lọ rẹrẹ, àwa la san owó ẹ̀. Alábàárù ò jalè, ata náà ò sì bàjẹ́, ibi tó sọ ẹrù sí ló burú. BACE1 gan-an nìyẹn! Àárù ẹ́ńsáìmù, ó parí, kinesin sì ni alábàárù.

Ẹni tó ní àìsàn Òyìnbó ni Alzheimer, kí la fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe, ẹ lọ bi wọ́n ní Ìdìkàn n'Ìbàdàn. Àwọn olùwádìí fi àwọn àgbà ibẹ̀ wé àwọn adúláwọ̀ Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ìwé ẹ̀ jáde ní 2001: lọ́dún kan, tiwa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní in jẹ́ 1.15 nínú 100, tiwọn 2.52. Tiwa kéré, kì í ṣe òdo.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ tó ní "aláàárù" ni, pé "b" ò sí níbẹ̀, mo ti gbọ́, mi ò tíì gbà. Ìyá mi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí.